Èéfín Ìdí-Ìyeyè

Ẹ jókòó dáadáa. Wàsíù, sún àga yẹn mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì, n kò fẹ́ kí ìwọ ọmọ Múfú ṣubú lójúde mi. Rísíkà, gbé sítóòfù gáàsì yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Ẹ ti mu omi, ẹ ti jẹ àgbàdo sísè, ẹ ti kí mi ní Yorùbá, ẹ tún ti kí mi ní Faransé. Ó wá kan ọ̀rọ̀ wàyí.

Nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Wàsíù sọ ohun kan tó gún mi lọ́kàn. Ó ní, "Bàbá, láti ojú títì Ìmàṣàyí la ti ń rí èéfín lórí àwọn ilé yín, ilé kan tẹ̀ lé ilé kan, títí dé etí odò. Màmá wa àgbà ní Kútọnu ní ká wo èéfín ká tó wo ohunkóhun. Inú wọn á dùn o! Àṣé èèyàn pọ̀ níbí tó báyìí." Mo rẹ́rìn-ín, torí a kì í fi ojú ẹkún pàdé àlejò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìròyìn yẹn tọ Sáfú, ìyá yín àgbà lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú yín rí fún yín.

Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Èmi ni mo dá àwọn iná náà láàárọ̀ yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Èmi àti àbúrò mi tó jókòó yìí, Màmá Kẹ́hìndé, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àwa la kù ní Ìdí-Ìyeyè. Lẹ́yìn àwa méjèèjì, ewúrẹ́ ló kù, àti adìyẹ, àti alángbá tó ń mi orí lórí ògiri ilé bàbá yín àgbà bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ.

Bàbá tó bí bàbá mi ló tẹ ibí dó. Kì í ṣe ọdẹ o. Kò sí abúlé tí kì í sọ pé ọdẹ ló tẹ àwọn dó. Tiwa, àgbẹ̀ tó ń sá fún òyìnbó ni. Apá Kétu ló wà, lábẹ́ àwọn Faransé, wọ́n sì ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà. Ẹlòmíràn lọ, kò bọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó kan agbo ilé tiwọn, ó mú ìyàwó àti ọmọ, ó gba inú igbó wá sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní apá ibí. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ. Òun kò gbé iṣu, kò gbé aṣọ. Ìkòkò kan ló gbé, eérú ló kún inú rẹ̀, ẹyín iná sì wà lábẹ́ eérú náà. Ìṣáná kò tíì kárí ayé nígbà yẹn, ẹni tó bá wọ igbó láìní iná, ó ti fi ara rẹ̀ fún ẹranko jẹ nìyẹn.

Òjò ká wọn mọ́ abẹ́ igi ìyeyè ńlá kan. Wọ́n ní ó tẹ̀ bo ìkòkò yẹn títí òjò fi dá, bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbingbin. Nígbà tí ó tú eérú wò, iná ṣì wà. Ó ní ibi tí iná òun kò kú sí, ibẹ̀ nilé. Igi ìyeyè yẹn ti wó láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ la ṣì ń jẹ́.

Gbogbo ẹni tó wá bá wa gbé lẹ́yìn náà, inú iná yẹn ló ti fọnná tirẹ̀. Ẹni kan ti Ìmàṣàyí wá, ẹni kan sá ti apá Kétu wá bíi tiwa. Bàbá tó bí Sùmọ́nù, bàbá yín àgbà, Ajílété ló ti wá, Ìmọ̀le tó ń gbin àgbàdo tó tún ń rà á. Wọ́n ní odi ilé rẹ̀ kò tíì ga dé orúnkún tó ti mú àpáàdì lọ́wọ́ wá sílé wa, àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń gbé ẹyín iná. Ìyàwó tuntun náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá wọlé ọkọ, ìdí ààrò ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àpáàdì tirẹ̀. Ìyá mi a máa sọ pé gbogbo iná abúlé yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìmọ̀le, onígbàgbọ́, ẹni tó ń bọ òrìṣà, ohun kan tí a kò bá ara wa jiyàn lé lórí rí nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó wá fọnná kì í jókòó. Èmi àti Sùmọ́nù a máa jókòó. Ní ọjọ́ kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n rán wa níṣẹ́ iná, a bá rí ihò ìrẹ̀ lójú ọ̀nà. A gbẹ́ ìrẹ̀, a fi iná inú àpáàdì yan án, a jẹ ẹ́, a tún gbẹ́ òmíràn, títí iná fi kú pátápátá. Sùmọ́nù ní kí a lọ bẹ ìyá mi pé kó tún fún wa ní ẹyín iná, kí a ní afẹ́fẹ́ ló pa ti àkọ́kọ́. Ìyá mi wò wá, ó gbóòórùn ẹnu wa, ó ní, "Afẹ́fẹ́ yìí mà ní ọ̀rá lára o." Ó nà wá díẹ̀, ó fún wa níná púpọ̀. Bí mo bá rántí òórùn ìrẹ̀ yẹn báyìí, Sùmọ́nù ni mo máa ń rí, bí ó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Ẹ lè fẹ́ mọ iye èèyàn tó wà níbí nígbà náà. N kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èéfín là ń kà. Bí ẹ bá dé ọjà Ẹ̀gùá, tí ẹnì kan fẹ́ mọ bí abúlé yín ṣe tóbi sí, kò ní bèèrè iye orí. Á ní, "Èéfín yín ti di mélòó báyìí?" Bí ẹ bá ní ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ti gbéyàwó, wọ́n á bá yín yọ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀kan ti kú, wọ́n á bọ́ fìlà, wọ́n á ní ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn.

Ìjọba rán àwọn kan wá kà wá nígbà kan. Àwọn ìyá wa kó ọmọ wọnú oko àgbàdo, wọ́n ní ẹni tó bá wúkọ́ yóò rí i. Bàbá mi ló jẹ́ baálẹ̀ nígbà náà. Ó fún àwọn àlejò ní ẹmu, ó wá ní kí wọ́n ka èéfín ní tiwọn, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun, gun igi kan lẹ́yìn ilé kó lè rí gbogbo òrùlé. Kò mọ̀ pé tanpẹ́pẹ́ ló ni igi yẹn. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ẹ̀ka, tó ń pe Jésù, tó ń pe ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tó sá pamọ́ bá bú sẹ́rìn-ín nínú àgbàdo, bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Màmá Kẹ́hìndé yìí wà nínú wọn. Ẹ wò ó, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ká ní ẹ mọ bí ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí níbí ni! Koríko bẹẹrẹ la fi bo ilé nígbà náà, èéfín kì í gba ojú kan jáde, gbogbo òrùlé ló máa ń gbà á jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á ti mọ ohun tó ń lọ kó tó dé. Òórùn epo tí wọ́n ń sè nìyí, gàárì tó fẹ́ jóná lórí agbada nìyẹn, ìyàwó lágbájá ti gbàgbé ara rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Odó á máa dún láti ilé dé ilé. Mo mọ odó ìyá mi yàtọ̀ sí ti ìyá Sùmọ́nù. Ti ìyá Sùmọ́nù máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Lónìí, bí Màmá Kẹ́hìndé bá gún ata, gbogbo abúlé ló ti gúnyán tán nìyẹn.

Orí àjà, lókè ààrò, là ń tọ́jú ohun gbogbo sí. Àgbàdo tí èéfín bá ti wọ̀ lára, kòkòrò kì í bá a ṣeré. Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ wà níbẹ̀, ilá gbígbẹ wà níbẹ̀. Orí àjà ilé wa ni igi orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń gbé láti ọdún dé ọdún, tí èéfín ń pa á láró. Bí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Ní ọdún kan, wọn kò so ó dáadáa mọ́ orí ẹni tó ń jó. Ó fò kúrò, ó yí gbiri gbiri, ó lọ dúró níwájú òbúkọ kan, òbúkọ yẹn sì kan án níwo. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó ń jó náà títí ó fi kú ni Òbúkọ-Kàn-Mí. Igi orí náà ti rà báyìí, kò sí ọmọkùnrin tó máa gbé e. Mo ṣì máa ń gbójú sókè wo ibi tó máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Ilé amọ̀ tí a kò bá dáná nínú rẹ̀, kì í pẹ́ wó. Ikán á jẹ igi àjà, àdán á gba òrùlé, ọ̀rinrin á wọ ẹsẹ̀ ògiri. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ rìnrìn àjò ní Ìdí-Ìyeyè, kì í há kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni. Á lọ bá aládùúgbò rẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi tọ́jú iná." Aládùúgbò náà á sì máa fọnná lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, á dá a sínú ààrò onílé, á jẹ́ kó rú dáadáa. Nígbà tí arìnrìn àjò bá dé, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Á kọ́kọ́ wọlé lọ fọwọ́ kan eérú. Bí eérú bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, á wá jáde, á kígbe pé, "Ẹ kú iná o!" Gbogbo abúlé á dáhùn. Ẹni tó bá bá eérú tútù, ìjà dé nìyẹn, torí ilé tútù túmọ̀ sí pé wọ́n ti kà ọ́ mọ́ àwọn tí kò ní bọ̀.

Ogun kọ́ ló tú wa ká, àrùn kọ́, òun ló jẹ́ kó dùn mí jù. Díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn ọmọ lọ kàwé ní Ayétòrò, wọn kò padà sídìí ọkọ́. Àwọn kan tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìlarò, àwọn kan gba Èkó lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn kan yóò máa kúrò lójú eré ni, àwọn mìíràn yóò sì máa bọ́ sí i.

Bàbá yín àgbà àti Sáfú ló lọ jìnnà jù. Sùmọ́nù ń ru àgbàdo àti gàárì kọjá bọ́dà, ó rí i pé ó pé òun, ó ní kí wọ́n kúkú lọ jókòó sí Kútọnu fún ìgbà díẹ̀. Bàbá yín Múfú ṣì kéré, wọ́n gbé e sórí ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Sáfú di ọwọ́ ìyàwó mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyàwó mi, ìyá Adé. Sáfú ní, "Ìyá Adé, iná mi o."

Àṣàkẹ́ dá a lóhùn pé, "Ìyá Múfú, iná rẹ kò ní kú lójú mi. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire."

Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù tó ń lọ lẹ́yìn wọn ń wá bá Àṣàkẹ́. Ẹ bá wa tọ́jú iná. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, àwọn tó ń dáná fún ẹlòmíràn náà lọ, gbogbo rẹ̀ wá já lé e léjìká. Ní ọjọ́ ọjà, á jí kí àkùkọ tó kọ, á gbé àpáàdì, á máa lọ láti ilé dé ilé bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo ní, "Àṣàkẹ́, ta lò ń kanlẹ̀kùn fún?" Ó ní ilé onílé ni, a kì í já wọlé onílé bẹ́ẹ̀.

Páànù dé, koríko kúrò lórí ilé. Mo ní, ṣé wàá sinmi wàyí, ikán kì í jẹ páànù. Ó ní igi tó gbé páànù dúró ńkọ́? Ojú rẹ̀ ń ṣomi, ikọ́ ń hú u. Àwọn ọmọ wa mú un lọ sí Ìlarò pé kó wá tọ́jú ara. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà dé, tó di ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀kadà. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé, "Iná Sáfú ńkọ́?"

Ohun tó ń fún un lágbára ni ìròyìn tó ń ti ọ̀nà wá. Àwọn tó ń lọ sí bọ́dà a máa yà, wọ́n á ní Sùmọ́nù kí wa, Sáfú kí wa, wọ́n ní ṣé èéfín ṣì ń rú nílé? Àṣàkẹ́ á ní kí wọ́n wo ọ̀ọ́kán, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Nígbà tí fóònù dé, tẹnu Sáfú ló ń gbọ́. Á wá bá mi nínú oko, á máa pariwo láti òkèèrè, "Wọ́n bèèrè iná wọn o! Wọn kò gbàgbé!" Wọ́n ní bí òjò bá dá, àwọn á wálé. Òjò dá. Wọ́n ní ìjọba ti ti bọ́dà, bí wọ́n bá ṣí i, àwọn á wálé. Wọ́n ṣí i. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ parí ilé-ìwé ná. Àjò kò dùn kí onílé má relé, bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé àjò míì ń dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, mo dé láti oko, n kò bá a nílé. Mo jẹun tèmi, mo bo tirẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo wá a lọ. Ìdí ààrò ilé Sáfú ni mo ti rí i. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, àpáàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó sùn lọ ni. Mo ní, "Àṣàkẹ́, oúnjẹ ti tutù o." Iná ń jó kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú ààrò, ó ti kó igi sí i dáadáa. Ìlérí tó ṣe fún Sáfú, ó mú un ṣẹ. Mo jókòó tì í, mo sì sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ọjà tí kò tètè dé.

Gbogbo wọn ló wá sìnkú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ẹ ń ṣe ìdánwò. Mọ́tò kún ojúde yìí. Àwọn ọmọ ń sáré kiri, àwọn kan ń fọ Yorùbá, àwọn kan ń fọ Faransé, ọ̀kan kí mi pé bọnjúù, mo ní bọnjúù náà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gúnyán fún àlejò, odó ń dún láti ilé dé ilé. Mo jókòó síbi tí mo wà yìí, mo ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó mi, inú mi sì ń dùn, ojú ayọ̀ náà sì ń tì mí. Àṣàkẹ́ ni ìbá jókòó síbí kó gbọ́ ọ.

Sáfú wọ ilé rẹ̀ lọ, ó fọwọ́ kan eérú. Igbe tó ké, ẹni tó wà létí odò gbọ́ ọ. Sùmọ́nù wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, a kò mọ̀ pé ẹ kò ju ẹ̀yin mẹ́ta lọ. Wọ́n ń sọ fún wa pé èéfín ń rú káàkiri. Bí Sáfú bá ní ká wálé, èmi ni mo máa ń sọ pé, fara balẹ̀, ilé kún, ilé kò sá lọ. Ìròyìn iná yín yìí ló ń mú ọkàn mi balẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ohun tí Àṣàkẹ́ ń ṣe kí wọ́n lè bọ̀, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n bọ̀. Mo dúpẹ́ pé ó ti wà nínú ilẹ̀ kí Sùmọ́nù tó là á yé mi.

Ìsìnkú parí, olúkúlùkù di ẹrù rẹ̀. Bàbá yín Múfú ló gbẹ̀yìn. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní bú u lójú yín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ ṣáà máa bá wa dáná o. Ilé ò gbọdọ̀ tutù." Mo wò ó. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Mo sì ń dá a láti ìgbà yẹn, kì í ṣe nítorí wọn. Bí mo bá gbé àpáàdì Àṣàkẹ́ lọ́wọ́, ó máa ń dà bíi pé ó wà nílé kejì, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Èmi náà ti ń kanlẹ̀kùn báyìí kí n tó wọlé.

Láti ìgbà ìsìnkú yẹn, ẹ̀yin ni àkọ́kọ́ tó wálé. Sùmọ́nù kú sí Kútọnu, ẹ̀yin lẹ sin ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀le kì í pẹ́ sin òkú. Kí fóònù tó dún lọ́wọ́ mi, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. N kò da erùpẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi lára. Mo lọ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo dáná, mo yan àgbàdo méjì, mo jẹ ọ̀kan, mo fi ìkejì sílẹ̀ fún un. Sáfú ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó. Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo máa ń jókòó sí, bí mo bá gbọ́ ọ̀kadà mo máa ń dìde. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ báyìí: kí n gbọ́ odó ẹlòmíràn ní Ìdí-Ìyeyè kí n tó lọ bá Àṣàkẹ́.

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Tiwa ti ní eérú tó pọ̀, ọmọ ló kù. Nígbà tí Wàsíù sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó ní èèyàn mà pọ̀ níbí o, mo mọ̀ pé èéfín tí a fi ń ka èèyàn tẹ́lẹ̀ ti ń purọ́ fún èèyàn báyìí, èmi ni mo sì ń bá a gbé irọ́ náà kiri láàárọ̀ ọjọ́ ọjà.

Rísíkà, gbé gáàsì yẹn wá wàyí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé Sáfú ló fi ránṣẹ́, ó ní ikọ́ mi ń bà á lẹ́rù. Kí n má tàn yín, mo ti fẹ́ kí n dúpẹ́, kí n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fi bí wọ́n ṣe ń tàn án hàn mí. Á, ó ti tàn? Ibo ni èéfín rẹ̀ ń gbà? Kì í rú rárá? Màmá Kẹ́hìndé, o gbọ́? Wọ́n ní kì í rú rárá. Ó dára. Orí rẹ̀ la ó ti máa se oúnjẹ láti òní lọ.

Rárá, Rísíkà, n kò ní dáná sínú àwọn ilé yẹn mọ́, ìkankan nínú wọn. Mo mọ̀ pé ilé á wó. Kó wó. Èmi àti Sùmọ́nù la fi ẹsẹ̀ po amọ̀ ògiri ilé yín nígbà tí wọ́n tún un kọ́. Ẹni tó bá padà dé lè po òmíràn. Iná ilé tèmi, tí bàbá wa àgbà gbé ti Kétu wá? N kò ní pa ìyẹn. N ó fi eérú bò ó bí òun náà ṣe bò ó. Iná abẹ́ eérú kì í rú èéfín. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á rí ibi tí wọ́n ti máa fọnná.

Ẹ sùn síbí lónìí. Lọ́la, bí ẹ bá ń lọ, tí ẹ bá dé ojú títì Ìmàṣàyí, ẹ ní kí ọlọ́kadà dúró, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Sáfú kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó kó tó bi yín léèrè, mo mọ̀ ọ́n. N kò ní kí ẹ purọ́ fún un. Ohun tí ẹ bá rí ní àárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ sọ.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Wàsíù, gbé garawa yẹn, bu omi kún un nínú àmù, kí o máa tẹ̀ lé mi. Kanlẹ̀kùn ká tó wọlé o. Iná ilé yín la ó kọ́kọ́ pa.